Bí a ṣe ń yọ ọ̀dà ọlọ́dà kúrò lára ọkọ̀ láì ba ọ̀dà tiwa jẹ́

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀dà ni gbogbo àdúgbò máa ń rùn. Láti Kabba dé Ìsánlú, àwọn tó ń bọ̀ wálé ọdún láti Èkó, Àbújá àti Kàdúná á ti fi owó ránṣẹ́ ṣáájú: kí wọ́n kun ilé bàbá, kí wọ́n fín géètì, kí wọ́n tún ìlẹ̀kùn irin ṣe. Ọyẹ́ náà á sì ti dé. Ohun tí wọ́n bá fín sí géètì ní ìhín, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ bá ọkọ̀ ní ọ̀hún.

Mọ̀pà ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ mi tó ní àwọ̀ fàdákà sábẹ́ igi máńgòrò, mi ò mọ̀ pé wẹ́dà ojúlé kejì ń fín géètì dúdú. Nígbà tí mo máa fi jáde lọ́sàn-án, ọkọ̀ ti rí wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fẹ́ńdà. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà náà sáré wá, ó mú ìgò tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, àti àkísà lọ́wọ́.

“Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Tínà á gbé e kúrò báyìí-báyìí.”

Ó nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmì dúdú lọ, ara rẹ̀ ń dán. Inú mi dùn. Mo gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjú sí fẹ́ńdà fúnra mi. Ìnù mẹ́ta péré, àkísà di fàdákà. Ojú fẹ́ńdà ṣókùnkùn, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje. Àkísà kan náà, tínà kan náà, ọkọ̀ kan náà.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti tún fẹ́ńdà fín kí n tó ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ìgbàlódé ní ilé iṣẹ́ máa ń ní ìpele lórí ìpele: èyí tó ń dènà ìpẹtà wà nísàlẹ̀, àwọ̀ wà lórí rẹ̀, kílíà tí kò ní àwọ̀ rárá ló wà lókè pátápátá, òun la sì ń rí tó ń dán. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín máíkírónì 100 sí 150 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kílíà nìkan sì tó bíi 40 sí 50. Fọ́nrán irun orí kan tó bíi 70, nítorí náà kílíà tó bo ọkọ̀ yín kò nípọn tó irun orí yín. Àmọ́ ó le, torí pé wọ́n yan án nínú ààrò tó gbóná tó bí ìwọ̀n 140 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, òun àti háádínà, èròjà tó ń mú ọ̀dà le, ti di ara kan. Ọ̀dà sẹ́lúlóòsì tí ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ẹ̀bá ọ̀nà ń fín kò rí bẹ́ẹ̀. Tínà inú rẹ̀ ló fẹ́ lọ tó fi gbẹ. Bí tínà tuntun bá kàn án, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, á padà di ọbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ohun méjì lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀.

Kí ló wà lára ọkọ̀, kí sì ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀?

Ẹ fi èékánná wọ́ orí àmì náà kọjá. Bí èékánná bá gun òkè, ọ̀dà ọlọ́dà ló jókòó lé tiyín lórí, ẹ lè yọ ọ́. Bí ó bá jìn sínú, ara ọkọ̀ ló ha, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà. Kò sí ohun tí ẹ máa fi nù ún tó máa dí kòtò. Bí ẹ kò bá rí àmì kankan ṣùgbọ́n tí ara ọkọ̀ ń ṣe ṣákaṣàka, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì kí ẹ sì fi pa ara ọkọ̀ náà. Ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á jẹ́ kí ẹ mọ gbogbo èérún ọ̀dà tí ojú kò rí, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà lórí tábìlì.

Láti mọ ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀, ẹ wá ibi tó fara pamọ́ lára páànù tí àmì wà gan-an, bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ dán an wò nínú férémù ìlẹ̀kùn kí ẹ wá gbà pé fẹ́ńdà náà rí bákan náà. Irú àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn: bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo wò tí mo fi gbà pé fẹ́ńdà rí bákan náà. Ẹ kán kọ́mpáàùn díẹ̀, ìpara tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dán ọ̀dà ọkọ̀, sí aṣọ funfun, kí ẹ fi pa ibẹ̀. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ ọkọ̀, kò sí kílíà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kán tínà ẹyọ kan sí aṣọ mímọ́ míì, kí ẹ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ bá tún jáde tàbí tí ibẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ gbé tínà jìnnà sí páànù yẹn. Ọ̀dà tó ta sí etí rọ́bà gíláàsì tún máa ń tú àṣírí páànù tí wọ́n ti tún fín.

Ẹ fọ̀ ọ́ ná

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ òun ni wọ́n máa ń fò jù. Erùpẹ̀ pupa wa àti eruku ọyẹ́ kún fún iyanrìn. Bí ẹ bá nu ọkọ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, iyanrìn yẹn lẹ fi ń ha á. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibòji, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ṣì gbóná, ẹ ní sùúrù. Ẹ da omi lé e lórí dáadáa, kí ẹ fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti fóòmù rírọ̀ fọ̀ ọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan fóòmù. Kàn-ìn-kàn-ìn, irin ìfọkòkò, eérú àti sanpépà kò ní iṣẹ́ kankan níbí.

Láti orí èyí tí kò lágbára

Òfin kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀ lé: èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú, mi ò sì ní gun orí èyí tó tẹ̀ lé e àfi tí ìyẹn bá kọ̀.

Ọ̀dà ara ògiri, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, ló rọrùn jù. Bí ó bá ṣì tutù, omi nìkan á gbé e lọ. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ lé orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi á wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi káàdì ATM tó ti kú, tí ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé, tì í ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí i tó ń ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn rẹ òwú, kí ẹ fi pa á jẹ́jẹ́. Sípíríìtì máa ń mú kí irú ọ̀dà yìí rọ̀. Kì í pẹ́ gbẹ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa lò ó.

Ọ̀dà olóròóró, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kò bẹ̀rù omi. Kẹrosíìnì ni tirẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ kékeré, ẹ gbé e lé àmì náà bí ìṣẹ́jú 5, ẹ nù ún, ẹ yí aṣọ sí ojú mímọ́, ẹ tún un ṣe. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí ara ọkọ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì á lọ. Kẹrosíìnì máa ń fi òróró sílẹ̀ tí eruku á lẹ̀ mọ́, ẹ tètè fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Ẹ má fi bẹntiróò rọ́pò rẹ̀ láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń fò lọ bá iná, kò dìgbà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Amọ̀ fún ọ̀dà tí afẹ́fẹ́ gbé wá

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní clay bar, ó rọ̀ bí fùfú. Bí ẹ kò bá rí i rà nítòsí, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrin tàbí Àbújá lè bá yín wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìtọ́jú ọkọ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gé ìwọ̀n àkàrà kékeré kan nínú rẹ̀, kí ẹ pọ̀n ọ́n pẹlẹbẹ ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sínú omi lítà kan, kí ẹ máa wọ́n ọn sí ara ọkọ̀ títí ibẹ̀ á fi máa yọ̀. Ẹ wá gbé amọ̀ lé e, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ ní ìlà tààrà, láì tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èérún ọ̀dà ló ń gé bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá yá, ariwo á dákẹ́, amọ̀ á máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, ẹ bọ́ sí ibòmíràn. Ẹ yí amọ̀ náà wò: gbogbo dúdú tó wà lára ọkọ̀ ti wà lára rẹ̀. Ẹ ká a kí ojú mímọ́ wà níta. Bí ó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, torí owó ni, ṣùgbọ́n iyanrìn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó láti ha bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ilẹ̀.

Nígbà tí géètì tàbí ọkọ̀ míì bá fi ọ̀dà pa á

Èyí ló wọ́pọ̀ lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá há mọ́ra. Kẹrosíìnì lẹ máa kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kọ́mpáàùn ni. Kọ́mpáàùn tó kúnná ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe èyí tó rí bí iyanrìn tí àwọn pẹ́ńtà fi ń tẹ́jú ọ̀dà tuntun. Ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀wà kan sí aṣọ rírọ̀ tó tutù, kí ẹ pa á ní ìgbà ogún, kí ẹ nù ún, kí ẹ wò ó. Ìgbà ogún, kí ẹ wò ó. Kọ́mpáàùn kò mọ ọ̀dà ọlọ́dà yàtọ̀ sí tiyín, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ibi tí ara ọkọ̀ ti ká, ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ, ẹ rọra níbẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n máa ń dábàá, iṣẹ́ kọ́mpáàùn ló fẹ́ ṣe, kò kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Tínà wá ńkọ́?

Kò burú, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀yìn, fún ọ̀dà ilé iṣẹ́ nìkan, lẹ́yìn tí ẹ ti dán an wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ wà níta gbangba, kí jẹnẹrétọ̀ àti sìgá jìnnà. Aṣọ ni kí ẹ fi rẹ, ẹ má dà á sí ara ọkọ̀. Ẹ nù ún kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí omi ọṣẹ sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kan iná iwájú, torí ike ni gíláàsì rẹ̀, á sì sán wẹ́wẹ́ bí amọ̀ gbígbẹ. Kò gbọ́dọ̀ kan bọ́m̀pà dúdú tí kò ní ọ̀dà, rọ́bà àti tíńtéèdì. Gíláàsì gidi ṣá kò ní wàhálà: omi ọṣẹ àti bíléèdì tuntun tí ẹ fi lélẹ̀ pẹlẹbẹ ti tó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, ẹ tún ọkọ̀ fọ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi wáàsì fẹ́ẹ́rẹ́ (ìda tí a fi ń dáàbò bo ọ̀dà ọkọ̀) pa ibi tí ẹ ṣiṣẹ́ sí, torí ọṣẹ, kẹrosíìnì àti amọ̀ ti kó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wọ́n omi sí i. Bí omi bá ṣù jọ róbótóróbótó bí ìgbà tó bá bọ́ sórí ewé kókò, ó ti mú.

Fẹ́ńdà tèmi, pẹ́ńtà kan ní Kabba ló tún un fín. Mo dúró tì í títí ó fi po háádínà mọ́ kílíà, ó sì ní kí n má fi wáàsì kankan kàn án títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi pé.