Ẹ má ra ríìmù kí ẹ tó rówó táyà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìgbà tí Ojúde Ọba bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni inú àwọn tó ń ta ríìmù máa ń dùn jù. Ẹni tó ní Mustang, tó ní BMW Z4, tó ní Infiniti onílẹ̀kùn méjì, kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a lórí ríìmù tó bá ọkọ̀ wá nígbà tó bá wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n ní ahun ni wá. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù ríìmù nígbà ọdún. Owó tó yẹ kó ra ríìmù àti táyà, ríìmù nìkan á gbé e lọ tán, ṣẹ́ńjì tó kù ni wọ́n á fi wá táyà. Tòkúnbọ̀ nìyẹn, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ kan bọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó kù ti ń rí ọ̀nà wọlé. Rọ́bà ló ń kan ilẹ̀. Òun ló ń dá ọkọ̀ dúró bí tírélà bá ṣàdédé yà síwájú ẹni ní Ògèrè, òun náà ló ń di ọ̀nà mú nínú òjò. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó táyà tuntun mẹ́rin sọ́tọ̀, kí ẹ wá fi ìyókù wá ríìmù. Bí ìyókù kò bá ra èyí tó wù yín, ẹ ra èyí tó kéré jù ú lọ, tàbí kí ẹ gbé ríìmù tó bá ọkọ̀ wá fún pẹ́ńtà kó fọ́n ọ̀dà dúdú sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ojú yín kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe sí i kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ríìmù ńlá lójú ọ̀nà oníkòtò

Ẹ wo Infiniti G37 onílẹ̀kùn méjì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbé òmíràn jáde pẹ̀lú ríìmù ínṣì 18, wọ́n sì gbé òmíràn jáde pẹ̀lú 19. Táyà iwájú ti 18 jẹ́ 225/50, ti 19 jẹ́ 225/45. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Èkejì ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó: ìdá 50 tàbí ìdá 45 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ óò rí i pé lórí 18, ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó mìlímítà 112. Lórí 19, ó di 101. Ẹni tó bá wá gbé 20 sí i, tó fi 245/35 wọ̀ ọ́, mìlímítà 86 péré ló wà láàárín irin rẹ̀ àti kòtò. Gíga gbogbo ẹsẹ̀ náà láti ilẹ̀ dé òkè kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rọ́bà lẹ fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ irin. Ẹ wá gbé irin yẹn gba ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú lálẹ́ ọjọ́ òjò, nígbà tí omi bá ti bo kòtò tí ẹ kò mọ bó ṣe jìn tó.

Bí ríìmù bá ṣe tóbi tó ni táyà rẹ̀ ṣe ń wọ́n tó, òun náà ni kì í sí lọ́wọ́ fọkanáísà nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ ní Ìpẹru láago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí owó ń dùn yẹ kó máa wo ìsàlẹ̀ ni: bí ọkọ̀ bá bá 19 wá, kó bèèrè 18. Táyà á dínwó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á nípọn, ọkọ̀ á sì rọ̀ lára èèyàn. Kìkì ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni kálípà bíréèkì, irin tó ń fún díìsì bíréèkì mú. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì mìíràn ní kálípà tó tóbi débi pé ríìmù kékeré kò ní kọjá lára rẹ̀. Ẹ fi ríìmù kan ṣoṣo, láìsí táyà, sí ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fọwọ́ yí i ká kí ẹ tó sanwó. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá gbà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Bí ẹ bá yí nọ́ńbà padà, ẹ má jẹ́ kí gíga gbogbo ẹsẹ̀ náà fi ju ìdá 3 nínú 100 yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, spidómítà á máa parọ́ fún yín.

"Ihò márùn-ún ni, á wọlé"

"Ẹ̀gbọ́n, ihò márùn-ún ni, á wọlé." Ọ̀rọ̀ yìí ti kó àwọn èèyàn sí gbèsè. Ihò márùn-ún kò tó o. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí òbìrí tí ihò rẹ̀ tò sí ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, òun ni wọ́n ń pè ní PCD. Ti Mustang, ti Nissan 350Z àti ti G37 jẹ́ 5x114.3. Ti Mercedes SLK jẹ́ 5x112. Ti BMW Z4 ayé ìgbà tí a ń rí kiri jù níhìn-ín, àwọn tó ti jáde kí ó tó di 2017, jẹ́ 5x120. Láàárín 112 àti 114.3, ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjì àti díẹ̀, òun ló fi ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á fagbára dè é, nọ́ọ̀tì á sì wọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló máa jókòó lé. Bó pẹ́ bó yá á tú, tàbí kí bóòtù já. Ẹni tó bá ní òun á fi fáìlì fẹ ihò náà fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ihò ńlá àárín ńkọ́? Họ́ọ̀bù 350Z, irin àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ihò yẹn ń wọ̀ mọ́, fẹ̀ tó mìlímítà 66.1, bẹ́ẹ̀ ríìmù ọjà sábà máa ń ní 73.1 kó lè wọ oríṣiríṣi ọkọ̀. Òrùka ike tàbí ti alumíníọ̀mù ló ń dí àlàfo àárín wọn. Oníṣọ́ọ̀bù kì í mẹ́nu kan òrùka yìí àfi tí ẹ bá bèèrè, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ẹni tí kò bá fi sí i, bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ 100 lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ni síárìn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Á ṣe bálánsìn, á tún un ṣe, á pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, gbígbọ̀n náà ò ní lọ.

Lẹ́yìn ríìmù, ẹ ó rí ET pẹ̀lú nọ́ńbà: ET45, ET30. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ẹsẹ̀ ṣe ń yọ síta tó. Ẹni tó yọ ET45, tó fi ET20 tó fẹ̀ bákan náà rọ́pò rẹ̀, ti ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ síta ní mìlímítà 25. Nínú fọ́tò, ó wuyì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá wọlé, tí wọ́n gbé kúlà ẹran Iléyá sí bùútù, fẹ́ńdà á bẹ̀rẹ̀ sí fá táyà, bíárìn á sì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Nọ́ńbà tó súnmọ́ ti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ wá.

Nọ́ọ̀tì náà kì í ṣe ọ̀kan. Ti Honda ní ìdí roboto, ríìmù ọjà sì sábà máa ń fẹ́ onídìí ṣóńṣó. Ti Nissan ní eyín tó wẹ́ ju ti Toyota lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ìdí bóòtù wọn dọ́gba. Bí nọ́ọ̀tì bá ń le koko láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ fọwọ́ yí i, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gun orí spánà. Kì í ṣe tiyín.

Bí tòkúnbọ̀ ni ríìmù náà, ẹ yí i dojúdé. Iwájú ni wọ́n ń kùn, inú ló ń sọ òtítọ́. Ẹ fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ yípo. Ibi tí wọ́n bá ti jó irin mọ́ ọn á le gbágungbàgun lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi spánà kàn án: èyí tó pé á dún gooro, èyí tó ti sán á dún bíi pákó. Kí ẹ sì wá àmì JWL tàbí VIA tí wọ́n tẹ̀ sára irin fúnra rẹ̀, àmì ìdánwò ríìmù láti Japan. Ayédèrú ríìmù a máa fi sitíkà ṣe é, tàbí kó má ní rárá. Ríìmù tí wọ́n ti jó, èmi ò ní fi sí ọkọ̀ tó lè sáré, ká tiẹ̀ ní wọ́n fi tọrẹ.

Táyà tó ń dán

Bí wọ́n ṣe ń tà á rèé. Ọmọṣẹ́ á gbé táyà tòkúnbọ̀ kalẹ̀, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á wá fi fóòmù kékeré pa òróró dúdú sí i lára títí á fi máa kọ mọ̀nà. Dídán yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ti là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Bó bá ti gbó, àwọn ìlà yẹn á yanu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sábà máa ń wà. Ẹ̀gbẹ́ náà sì ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí i. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, ọjọ́ orí rẹ̀ ti yé yín.

Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni FRSC, àjọ ojú pópó, àti SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, fún táyà lórílẹ̀-èdè yìí. Táyà tòkúnbọ̀ ọkọ̀ kékeré tilẹ̀ wà lára ọjà tí àṣẹ kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọlé, ẹni tó ń tà á fún yín kò kàn ní sọ bẹ́ẹ̀. Tuntun náà, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, ojú omi ni táyà wa ń gbà wọlé. Òmíràn á ti lo ọdún kan lójú omi àti ní wíáháúsì, á tún wá lo ọdún méjì níta ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn. Tuntun ni wọ́n á pè é.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Táyà tòkúnbọ̀ láti Jámánì lè jẹ́ táyà yìnyín. Àwòrán òkè olórí mẹ́ta, tí ègé yìnyín wà nínú rẹ̀, ló máa ń wà lára rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ torí òtútù ni wọ́n ṣe é fún; nínú ooru wa, á máa yọ́ jẹ, ọkọ̀ á sì máa fì bí ẹ bá yà.

Èwo ni ká wá rà? Táyà China tuntun tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí sàn fún mi ju Michelin ọlọ́dún mẹ́jọ lọ, orúkọ kì í dá ọkọ̀ dúró. Kì í ṣe gbogbo ti China ló dára, ìyẹn ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ ka ara rẹ̀. TREADWEAR ń sọ bí eyín táyà ṣe ń pẹ́ tó: 200 á di ilẹ̀ mú dáadáa, àmọ́ eyín rẹ̀ á tètè tán. Fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 400 sókè ló mọ́gbọ́n wá. TEMPERATURE, ìyẹn bó ṣe ń fara da ooru, ẹ wá A. C ló kéré jù, ooru ọ̀sán wa kò sì mọ àwàdà. Lẹ́tà ìparí ń sọ eré: H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ kìlómítà 270 ní wákàtí kan. Òfin ojú ọ̀nà márosẹ̀ kò ju 100 lọ, nítorí náà ẹ má sanwó Y nítorí fáàrí, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìwọ̀n ẹrù náà bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà yẹn ni: 91 lè gbé kílò 615 lórí táyà kan, 94 lè gbé 670.

Táyà fífẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ lẹ́yìn. Ó dára lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ. Lọ́jọ́ òjò, bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe ń tètè gun orí omi, pàápàá tí eyín rẹ̀ bá ti ń lọ. Bí ẹ̀yìn bá sì fẹ̀ ju iwájú lọ, ẹ kò lè gbé ti ẹ̀yìn síwájú kó lè jẹ dọ́gba, àwọn méjì ẹ̀yìn ni ẹ ó máa rà ṣáá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọgbọọgba ló dínwó jù, bí ọkọ̀ bá gbà á.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà

Bí méjì péré lẹ lè rà, ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi í sí. Wọ́n á jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ̀yìn tó bá yọ̀ nínú òjò ṣòro mú padà ju iwájú lọ. Ẹ wo ọfà tó wà lára táyà, tàbí ibi tí wọ́n kọ OUTSIDE sí, kí wọ́n má fi í sódì. Atẹ́gùn, ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì wo géèjì fúnra yín, torí "mo mọ̀ ọ́n, Alhaji" ti bẹ́ táyà rí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wakọ̀ náà dé Ṣàgámù tí ẹ sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ dúró kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì gbogbo fún. Ríìmù tuntun máa ń jókòó sí i.

Kí ẹ tó sọ nọ́ọ̀tì àtijọ́ nù, ẹ rántí sípíà. Irin ilé-iṣẹ́ ni sípíà yín, nọ́ọ̀tì ríìmù ọjà lè má bá a mu. Ẹ kó márùn-ún nínú ti àtijọ́ sínú ọ̀rá, kí ẹ fi pẹ̀lú jáàkì nínú bùútù, kí ẹ má baà mọ̀ pé kò sí lórí títì ní Ògèrè.