Ọ̀bẹ ti ń dán, ìlà kò kúrò: bí mo ṣe tún un ṣe

Ọ̀bẹ ínǹṣì 8 ni, sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni alágbẹ̀dẹ kan l'Ọ́fà fi rọ ọ́. Wọ́n ti fi iná mú un le kó tó dé ọwọ́ mi. Sáńpépà dúdú tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń fi omi lò ni mo fi ha á: 120, 220, 400, 600. Bí nọ́ńbà pépà bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ehín rẹ̀ ń kéré sí i. Ní 600, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́, mo rí ìlà gígùn mẹ́fà àti ihò wínníwínní nítòsí èkù.

Ìlà yẹn kì í ṣe ti 600. 120 ló fi í sílẹ̀. Ehín 600 kéré jù láti jẹ irin líle dé ìsàlẹ̀ ìlà; ńṣe ló kàn ń mú etí rẹ̀ dán, tí ìlà á wá túbọ̀ yọ síta. Ẹni tó bá ń fagbára tẹ 600, pépà ló ń fi ṣòfò. Mo padà sí 120, mo fi máàkà kun ojú ọ̀bẹ. Ibi tí yíǹkì bá kù sí lẹ́yìn ìfà mélòó kan, ibẹ̀ ló jìn. Mo fi 120 fà á ní ìbú, mo fi 220 fà á ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, mo tún dárí 400 sí ọ̀nà mìíràn. Bí mo bá ṣì rí ìlà tó kọjú sí ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀, mi ò pààrọ̀ pépà. Irin pẹlẹbẹ ni mo wé pépà mọ́, torí ìka ọwọ́ máa ń mú ojú ọ̀bẹ rí gbágungbàgun.

Ní 600, ìlà kéékèèké tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja tún yọjú. Fífà síwá sẹ́yìn ló fà á: ibi tí ọwọ́ bá ti yí padà, ibẹ̀ ni pépà ti ń fi ìlà há irin. Láti èkù lọ sí ṣóńṣó nìkan ni mo wá ń fà á, mo sì ń gbé ọwọ́ kúrò kí ìfà tó tán. Omi ọṣẹ díẹ̀, pépà tuntun lẹ́yìn ìfà bíi 15.

Ti ihò yàtọ̀. Èépá iná, ìyẹn èépá dúdú tó máa ń bo irin nínú iná, tí òòlù kàn mọ́ irin ló dá a, àfi kéèyàn ha irin dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ róbótó ara gíráńdà lé e o: ihò á yọ ìlà bí ìrù, ooru á sì gun irin. Bó bá ti di búlúù, líle rẹ̀ ti dínkù níbẹ̀. Mo fi ihò kan tó jìn jù sílẹ̀. Bí mo bá ní kí n ha á tán, ojú ọ̀bẹ á jin kòtò.

Mo nù ún gbẹ, mo fi epo pa á lójú ẹsẹ̀. Bí òógùn ìka bá mú un dógùn-ún, 600 tí a ta epo sí, ìfà bíi 20 lọ́nà kan náà, á kúrò.