Àṣìṣe tó ń sú mi nínú próójẹ́ẹ̀tì lórí Abala 9 òfin Jàpáánì

Èmi ni mo máa ń tún próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kó tó dé iwájú ọ̀gá wọn. Lórí Abala 9, ibi tí ìwé òfin Jàpáánì ti kọ ogun sílẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti gbèjà orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́, ojú mi ti rí nǹkan. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó dì í, ẹ ó tún un tẹ̀. Owó yín ni.

1. Ẹ yé kọ ọ́ pé wọ́n tún ìwé òfin ṣe lọ́dún 2014. Láti 1947 tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn ò yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀. Ìtumọ̀ ni ìjọba yí. Èmi náà ti jókòó sí káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lódindi ọ̀sán kan rí, tí mò ń sanwó wákàtí, tí mò ń wá Abala 9 "tuntun" kiri.

2. Ìdájọ́ Sunagawa tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Jàpáánì ṣe lọ́dún 1959 dá lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Jàpáánì. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rí pé Jàpáánì lè gbèjà orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́; kò sọ bẹ́ẹ̀.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ̀ ń kọ ọ́ bí ẹni pé Abe, olórí ìjọba Jàpáánì nígbà náà, kàn jí lọ́jọ́ kan, ó da èrò àtijọ́ nù. Ẹ gbé ìwé tí ìjọba fi túmọ̀ Abala 9 ní 1972 ti ìwé 2014, kí ẹ kà wọ́n pọ̀! Ti 1972 ní Jàpáánì lè gbèjà ara rẹ̀ bí ẹ̀mí àti òmìnira àwọn ará ìlú bá wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba agbára ni. Nítorí náà, kò sáyè láti gbèjà ẹlòmíì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2014, ìgbìmọ̀ mínísítà Abe dúró lórí àlàyé kan náà, wọ́n ní ayé ti yí padà: bí wọ́n bá kọlu ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, tí ìyẹn sì fẹ́ pa Jàpáánì fúnra rẹ̀ run, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, àyè wà. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ní oṣù kẹfà 2015, àwọn onímọ̀ òfin mẹ́ta sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé àbá òfin tí ìjọba gbé ka ìtumọ̀ tuntun yìí tako ìwé òfin, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló pe ọ̀kan nínú wọn wá! Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi èyí sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ má sì fo August 2013, nígbà tí Abe mú Komatsu Ichiro láti iṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè wá ṣolórí ọ́fíìsì tó ń túmọ̀ òfin fún ìjọba, níbi tí àṣà wọn jẹ́ láti gbé ẹni inú ilé ga.

Àbí ìkarùn-ún la wà? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1972. Lọ́dún 1946, Yoshida, olórí ìjọba ìgbà náà, sọ nílé aṣòfin pé Abala 9 kọ ogun sílẹ̀, títí kan ti ìgbèjà ara ẹni. Nígbà tó fi di 1954, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ìgbèjà ti dúró.

Ẹni tó kọ "wọ́n tún òfin ṣe" lóṣù tó kọjá ti fi awọ dúdú dì í, ẹ̀dà márùn-ún.