Bí mo ṣe ṣe atọ́kùn ìjíròrò orí Zoom kí ẹnikẹ́ni má bàa dà bí àlejò níbi iṣẹ́ wa

Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wa wà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń ti Kano àti Enugu ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n ṣe atọ́kùn ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti àwọn akàndá ẹ̀dá, fóònù ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo pe èèyàn mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n pé: "Kí ló máa ń dùn yín tí ẹ kì í lè sọ ní ìpàdé?" Ká ní mi ò pè wọ́n ni, ìbéèrè tí ǹ bá gbé síwájú wọn lọ́jọ́ náà ì bá ṣàjèjì sí wọn.

Mo ti fẹ́ fi ìpàdé náà sí aago kan ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, àfi ìgbà tí ará Kano kan rán mi létí ìrun. A gbé e sí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé iṣẹ́ fi owó dátà ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tan kámẹ́rà dandan, torí yàrá kan ṣoṣo làwọn míì àti ọmọ wọn jọ wà.

Mo tún bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dá sí i. Bí àgbà bá ti sọ tiẹ̀, ọmọdé á gbé tirẹ̀ mì. Wọ́n gbà.

Orí òfin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kó má bàa dà bíi pé à ń ṣàánú ẹnikẹ́ni. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà, ìlú tí èèyàn ti wá, ẹ̀sìn, tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kò dárúkọ àwọn akàndá ẹ̀dá. Òfin tiwọn ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Owó ìtanràn ilé iṣẹ́ tó bá rẹ́ wọn jẹ jẹ́ ₦1,000,000.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Bí mo ṣe gbé ohun tí mo kọ sójú kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn, àwòrán ògbufọ̀ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ sún kúrò. Ẹni wa kan tí kò gbọ́ràn kọ ọ́ sí mi pé: "Mi ò rí ọwọ́ wọn mọ́." Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, òun nìkan ni kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dùn mí gan-an. Mo tọrọ àforíjì, mo pa ìwé náà dé, mo fi ògbufọ̀ sáàárín ojú kọ̀ǹpútà, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá máa ṣe irú rẹ̀, ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Lẹ́yìn náà mo pín wa sí yàrá kéékèèké lórí Zoom, èèyàn mẹ́rin mẹ́rin. Nínú yàrá tèmi ni ọmọbìnrin tó ń ti Enugu ṣiṣẹ́ ti sọ pé: "Mà, tí ẹ bá ti dá àpárá ní Yorùbá tí gbogbo yín rẹ́rìn-ín, mo máa ń wo ara mi bóyá èmi ni." Kò sẹ́ni tó fèsì. Èmi gan-an máa ń dá irú àpárá bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá lára, mo wá ní kó máa bá a lọ. Ọdún méjì ló ti fi ń gbé e sínú.

Ohun tí a fẹnu kò sí kò pọ̀: ògbufọ̀ ní gbogbo ìpàdé, kò sí ìpàdé ní àsìkò ìrun Jímọ̀, àpárá tí a bá dá ní Yorùbá, ẹni tó dá a ló máa túmọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan sọ ọ̀kan. Ó rántí, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ lédè Òyìnbó, àmọ́ ọmọ Enugu náà rẹ́rìn-ín.