Chrome ò ṣí síìdì lẹ́sìnnì Màmá mi mọ́: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Àwọn ọmọ tó ń wá gba lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ Màmá mi ní Abẹ́òkúta kì í pẹ́ dé. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti tò sórí ẹní ní pálọ̀, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìwé lórí itan wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màmá fi ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ohun tó fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, èyí tó fẹ́ràn jù ni síìdì kan tó rà nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Aago ńlá kan wà nínú ẹ̀ tí ọmọ lè fi máòsì yí ọwọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì kan náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gé sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, tí ọmọ á máa fa ègé kọ̀ọ̀kan lọ sínú àwo. Mo ti rí ọmọ tí ìdá ò yé rárá lójú pátákó, tó jẹ́ pé búrẹ́dì yẹn ló là á lójú.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Màmá ń lò dákẹ́ pátápátá. Àbúrò mi bá a ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní Windows 10. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá pè mí.

“Àdùkẹ́, síìdì mi ò ṣí mọ́ o. Àwòrán kékeré kan ló ń gbé jáde.”

“Kí ló kọ síbẹ̀, mà?”

“Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní nǹkan kan tó ń jẹ́ plug-in, pé òun ò gbà á.”

“Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, mà. Mò ń bọ̀ lọ́la.”

Síìdì gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ó ti gbó, ó sì ti họ. Láptọ́ọ̀pù náà ò ní ojú tí a ń ki síìdì bọ̀, ará ilé kejì ló yá wa ní èyí tí a ń fi wáyà USB so mọ́ ọn. Mo fi aṣọ rírọ̀ nu síìdì láti àárín lọ sí etí. N kò nù ún yípo, torí bí aṣọ bá ha á yípo, ilà yẹn á tẹ̀ lé ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kà á, kíkà á sì lè dogun. Mo wá da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ sínú fódà kan lórí C, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó nǹkan pamọ́ sí, mo pè é ní Lesinni. Kò sí fáìlì tó sọnù. Ká ní ibẹ̀ niṣẹ́ ọjọ́ náà parí sí, inú mi ì bá ṣì dùn, torí síìdì tó ti lo ọdún tó báyìí lè má ṣí lọ́la. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ń dà á kọ láti òní.

Mo tẹ index.html, fáìlì tó ń ṣí ojúewé àkọ́kọ́ síìdì náà, lẹ́ẹ̀mejì, ojúewé sì ṣí nínú Chrome, bíráúsà tí Màmá fi ń wo ìkànnì. Orúkọ síìdì hàn lókè, àwọn bọ́tìnnì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí aago wà, àpótí aláwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀ tó kọ “This plugin is not supported”. Ọwọ́ síìdì mọ́ nìyẹn.

Mo tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì, mo yan View page source kí n rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ojúewé náà. Níbẹ̀ ni mo ti rí “application/x-shockwave-flash”, pẹ̀lú orúkọ fáìlì tí .swf gbẹ̀yìn ẹ̀. Flash ni. Màmá tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé fláàṣì tí a ń kó fáìlì sí ni. Mo ní rárá, mà, orúkọ ló jọra. Mo ṣàlàyé fún un pé bíráúsà ò mọ bí a ṣe ń ṣí irú fáìlì yìí fúnra rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ kan tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ló máa ń bá a ṣí i, olùrànlọ́wọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní plug-in.

“Jẹ́ ká ra òmíràn fún un nígbà náà,” Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn, mo sì fi bí wákàtí méjì àti dátà tó pọ̀ ṣòfò lórí ẹ̀. Mo tẹ chrome://plugins, ibi tí a ti ń tan irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbé ojúewé náà lọ sínú àwọn bíráúsà mìíràn, Firefox àti Edge, ibì kan náà la já sí. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ka ìtàn ẹ̀ dáadáa, ó sì yẹ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Láti 1996 ni Flash ti wà. Ilé iṣẹ́ Macromedia ló ni ín kí Adobe tó ra Macromedia ní 2005. Géèmù, àwòrán tó ń rìn, ẹ̀kọ́ ọmọdé, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí Flash nígbà náà. YouTube pàápàá, òun ló fi ń gbé fídíò jáde, àfi ní 2015 tó sọ HTML5, ọ̀nà tí bíráúsà fi ń gbé fídíò jáde fúnra rẹ̀ láìsí plug-in, di ohun àkọ́kọ́ tó ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn ihò tí olè ń gbà wọlé pọ̀ jù lára Flash. Bí wọ́n bá ti dí ọ̀kan, òmíràn á yọ. Ní oṣù keje 2017, Adobe kéde pé òun máa fi sílẹ̀ ní ìparí 2020. Nígbà tí 31 oṣù Kejìlá 2020 pé, wọ́n ṣíwọ́. Láti 12 oṣù Kìíní 2021, Flash Player, ìyẹn plug-in tó ń ṣí fáìlì Flash, tó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Oṣù yẹn náà ni Chrome 88 àti Firefox 85 jáde, àwọn méjèèjì ti yọ ọ́ kúrò. Nǹkan kan ò bàjẹ́ lára láptọ́ọ̀pù Màmá. Ẹnu ọ̀nà tí à ń wá, wọ́n ti mọ ọ́n pa.

Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń wá Flash kiri yẹn, ibẹ̀ ni ewu wà. Mo bọ́ sórí ìkànnì kan tó ní bọ́tìnnì pupa ńlá pé òun ní Flash Player tuntun. Ìka mi ti wà lórí máòsì kí n tó rántí pé Adobe ò ṣe tuntun kankan mọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníjìbìtì ti ń fi orúkọ Flash bo kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti sọ fún Màmá pé òun lè bá a gbé Chrome àtijọ́ àti Flash àtijọ́ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí aago yẹn yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí láptọ́ọ̀pù yìí kan náà ni Màmá ti ń wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní báńkì. N kò lè fi bíráúsà tí ẹnikẹ́ni ò dí ihò rẹ̀ mọ́ síwájú ìyá mi nítorí aago. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbà, ó sì gbọ́ sí mi lẹ́nu.

Ohun tó gbà wá ni ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Ruffle. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kì í ṣe Flash. Èdè tí Flash ń sọ ló gbọ́, ó wá ń tú u fún bíráúsà láàárín ọgbà tí bíráúsà fúnra rẹ̀ ti yí ká, kì í jáde lọ fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lórí kọ̀ǹpútà. Mo gbà á láti Chrome Web Store, ibi tí Chrome ti ń gba extension, ìyẹn àfikún kékeré tí a ń fi kún bíráúsà. N kò gbà á níbòmíràn.

Mo tún tẹ index.html. Àpótí eérú náà ni. Ojúewé tó bá wá láti inú fódà, tí àdírẹ́sì rẹ̀ fi file:// bẹ̀rẹ̀, extension ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibẹ̀ àfi tí a bá gbà fún un. Mo lọ sí ojú Details ti Ruffle, mo tan “Allow access to file URLs”. Lọ́tẹ̀ yìí, Ruffle yọjú, ṣùgbọ́n ó sọ pé file: ni mo ń lò, bíráúsà ò sì ní jẹ́ kí òun ka fáìlì .swf lọ́nà yẹn nítorí ààbò. Ó rẹ̀ mí díẹ̀. Màmá lọ gbé ẹ̀bà wá.

Mo tún ohun tó kọ kà lẹ́yìn oúnjẹ, mo wá rí i pé ó ti sọ ọ̀nà àbáyọ fún mi: kí n mú kí láptọ́ọ̀pù ṣe bíi pé ìkànnì ló ń gbé fódà náà jáde. Ruffle tó dá dúró, tí kò nílò bíráúsà, wà lóòótọ́, ó sì dára fún ẹni tó ní fáìlì .swf kan ṣoṣo. Ti Màmá ní ojúewé àti bọ́tìnnì tó so mọ́ra, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó dúró sínú Chrome tó ti mọ̀. Mo gba Python, ètò ọ̀fẹ́ kan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, láti python.org, mo sì rí i dájú pé mo fàmì sí “Add python.exe to PATH” kí Windows lè rí i, kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo ṣí Notepad, mo kọ ìlà mẹ́ta yìí:

cd /d C:\Lesinni
start http://localhost:8000
python -m http.server 8000 --bind 127.0.0.1

Mo fi pamọ́ sójú Desktop, mo pè é ní Lesinni.bat. Ìlà kejì ló ń ṣí Chrome, ìkẹta ló ń gbé fódà jáde. Ẹ má yọ 127.0.0.1 yẹn kúrò: òun ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà rí fódà yín. Nígbà mìíràn Chrome máa ń yá ju Python lọ, á ní òun ò rí nǹkan. F5 ni kí ẹ tẹ̀. Bí èyí sì ti ṣiṣẹ́, mo padà lọ pa “Allow access to file URLs”, torí a ò nílò rẹ̀ mọ́.

Aago yọ. Màmá na ọwọ́ gba máòsì lọ́wọ́ mi, ó yí i sí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àtẹ́wọ́ tó máa ń dún nígbà tí ọmọ bá gbà á sì dún. “Àtẹ́wọ́ ẹ̀ ṣì ń dún!” Ó pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú.

Gbogbo ẹ̀kọ́ kọ́ ló ṣí. Nínú mẹ́rìnlá, méjìlá ń ṣiṣẹ́. Méjì tó kù, ó jọ pé ActionScript 3 ni wọ́n fi kọ wọ́n, èdè tó dé pẹ̀lú Flash Player 9 ní 2006, tí Ruffle ò tíì gbọ́ tán bó ṣe gbọ́ ti àtijọ́. Ọ̀kan ṣí tí ohùn rẹ̀ ò jáde, èkejì dúró sójú kan. Àwọn tó ń ṣe Ruffle kì í sinmi lórí ẹ̀, nítorí náà mo fi àwọn fáìlì méjèèjì sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà, mo sì máa ń tún wọn dán wò bí mo bá lọ kí Màmá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màmá pè mí ní nǹkan bí aago márùn-ún. Kò bá mi sọ̀rọ̀, fóònù ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ka ègé búrẹ́dì sókè, ọ̀kan nínú mẹ́jọ, méjì nínú mẹ́jọ, mẹ́ta nínú mẹ́jọ, títí tí àtẹ́wọ́ fi dún.