Bí A Ṣe Ń Ka Iye Àwọn Tó Ní Hepatitis E Láàárín Àwọn Tó Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ

Hepatitis E jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà. Kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kà. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ta ni àrùn yìí ti ṣe rí, àti ta ni kòkòrò rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí? IgG, èròjà ìjà tí ara ń pèsè sí kòkòrò náà tó sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́. IgM, èròjà ìjà tó kọ́kọ́ máa ń jáde, ń fi hàn pé àrùn náà kò tíì pẹ́ lára. Ìbéèrè kejì ló kan aláìsàn tó máa gba ẹ̀jẹ̀ náà, àyẹ̀wò RNA (èyí tó ń wá ohun àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀) ló sì ń dáhùn rẹ̀.

Ní gúúsù-ìlà-oòrùn England, láàárín 2012 sí 2013, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bí 225,000 wò. Kòkòrò náà wà nínú 79, ìyẹn ẹyọ kan nínú 2,848. Ara ẹni 56 nínú àwọn 79 yìí kò tíì pèsè èròjà ìjà kankan lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ká ní IgG nìkan ni wọ́n fi wò wọ́n ni, gbogbo àwọn 56 yìí ni ì bá kọjá bí aláìlárùn. Bẹ́ẹ̀, nínú aláìsàn 43 tí wọ́n tọpa wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, 18 ló kó o.

Àyẹ̀wò RNA wọ́n, nítorí náà wọ́n po omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 24 pọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bu ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pamọ́ lọ́tọ̀ sínú firísà (-80°C), kí ẹ lè padà wá ẹni tó ni kòkòrò náà. Àmọ́ pípò yìí ń mú kí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan fọ́n ká ní ìlọ́po 24. Bí kòkòrò náà bá kéré lára ẹnì kan, ó lè sá pamọ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ kọ iye tí ẹ pò sínú ìròyìn yín.

Ẹ kọ orúkọ ohun èlò àyẹ̀wò náà pẹ̀lú. Ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn England, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 500 kan náà fi 3.6% hàn lórí ohun èlò IgG kan, ó fi 16.2% hàn lórí òmíràn. Ẹni tó bá fi irú iye méjì bẹ́ẹ̀, tó wá láti ohun èlò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fi ìlú méjì wéra ti ṣìnà pátápátá.

Ẹ béèrè ọjọ́ orí, torí IgG máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Ẹ béèrè ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti omi mímu. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń fa irú ti England jù, omi ẹlẹ́gbin ló ń fà á níbòmíràn. Ẹ má da ẹ̀jẹ̀ tí ẹbí fi rọ́pò èyí tí aláìsàn wọn lò pọ̀ mọ́ ti ẹni tó wá fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá yẹ ẹni 500 wò tí ẹ kò rí RNA kankan, ẹ má kọ pé kò sí. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó má ju ẹyọ kan nínú 167 lọ (ìyẹn 500 tí a pín sí mẹ́ta).