Bí a ṣe ń fi àgékù aṣọ, erùpẹ̀ pupa àti ọjọ́ lásán ṣe ìwé aláwòrán

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dojú kọ Olósùnta. Ẹni tó bá ti dé Ìkéré-Èkìtì rí mọ àpáta yẹn. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ wò ó, òun á máa wò yín. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ìkùukùu ti bò ó lórí. Tó bá di ọ̀sán, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn òjò, omi á máa ṣàn lára rẹ̀ ní ìlà ìlà, funfun bí ìgbà tí èèyàn fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ dúdú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wò ó kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé mo lè yà á. Èmi tí n kò mọ àwòrán yà. Ṣọ́ọ̀kì ló kàn wà lọ́wọ́ mi, àgékù àǹkárá sì wà nílẹ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní art journal. Èmi ń pè é ní ìwé aláwòrán. Ẹ ó yà, ẹ ó lẹ̀, ẹ ó kun, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ lójú ewé kan náà, nípa ọjọ́ tí ẹ lò. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni pé wọ́n á ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ife kọfí, òdòdó ìlú òyìnbó àti ewé tó ń pupa nígbà òtútù, wọ́n á ní àwọn náà fẹ́ ya irú rẹ̀. Ewé wo ló ń pupa nígbà òtútù ní Ìkéré? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi, kí ẹ wá mú tiyín bọ̀ ọ́.

Ẹ kó ọ̀sẹ̀ kan sínú ọ̀rá

Ẹ má tíì ra ìwé rárá. Ẹ fi ọ̀rá kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ méje, ohunkóhun tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, tí kò wúwo, tí kò sì lè jẹrà, ẹ jù ú sí i: rìsíìtì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ìdérí mínírà, bébà tí wọ́n fi di àkàrà, àmọ́ kí epo rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ tán. Tèmi kún fún òwú, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí n kò mọ aṣọ tó ti já bọ́, àti bébà pélébé pélébé tí mo kọ ìwọ̀n oníbàárà sí.

Lọ́jọ́ keje, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, kí ẹ kó èyí tó jọra sójú kan. Ohun tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Èyí tí ẹ kò mọ ìdí tí ẹ fi mú un ni ìfẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n oníbàárà á pọ̀; ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwòrán ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo ti gé látinú kàlẹ́ńdà àtijọ́, àti ègé ọ̀dà búlúù tó já bọ́ lára ilẹ̀kùn onírin ilé àdúgbò. Àṣé ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ràn. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ràn pín ojú ewé fún yín

Ìfẹ́ ilẹ̀kùn ní Ìkéré kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà di òní. Àga ọba tí wọ́n kàn nílùú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. (Èmi ò rò pé pàṣípààrọ̀ yẹn dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.) Lára ilẹ̀kùn náà, ọba jókòó pẹ̀lú olorì rẹ̀; òyìnbó amúnisìn ń bọ̀, wọ́n gbé e lé àga, àwọn arẹrù ń tẹ̀ lé e. Ohun tí ìlú rí lójú ara wọn ló wà níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ pín in sí àyè àyè láti òkè dé ìsàlẹ̀, ewé méjì tó kọjú síra: onílé lápá kan, àlejò lápá kejì.

Mo jí ọgbọ́n yẹn lò. Tí mo bá ṣí ìwé, ojú ewé méjì tó kọjú síra di ewé ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ìkejì jẹ́ ti ohun tó wọlé wá bá mi. Mo fi ṣọ́ọ̀kì àti téèpù fa ìlà, mo pín ewé kọ̀ọ̀kan sí àyè mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò dọ́gba. Ẹ̀rù ojú ewé funfun kò bà mí mọ́ látìgbà náà, torí pé àyè kékeré kan kì í dẹ́rù bani.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹ fẹ́ràn, ẹ pín ojú ewé bí pápá. Tó bá jẹ́ irun dídì, ẹ jẹ́ kí ìlà ṣùkú tó ń gòkè lọ pàdé láàárín orí pín in fún yín. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ń ka tónìkì sọ́lùfà lè tò ó ní ìlà ohùn mẹ́rin.

Ìwé

Ìwé ẹlẹ́yìn líle tó wà lọ́jà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bébà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, bíi ti fótókọ́pì tó jẹ́ gíráàmù 80. Bébà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀dà olómi tó 300. Nítorí náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí ẹ fi omi díẹ̀ là, lẹ ewé méjì méjì pọ̀. Kí ẹ sì fa ewé díẹ̀ ya kúrò káàkiri inú ìwé náà, nítorí pé ohun tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọn á mú kó wú, á sì ya ẹnu sílẹ̀ bí ọ̀nì.

Èmi máa ń rán tèmi. Ẹ ṣẹ́ bébà líle márùn-ún po sí méjì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò mẹ́ta sójú ibi tó ṣẹ́: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Láti inú ni abẹ́rẹ́ á ti gba ihò àárín jáde. Kó gba ihò òkè wọlé. Ní inú níbẹ̀, kó fo ihò àárín, kó gba ihò ìsàlẹ̀ jáde, kó wá gba ihò àárín padà wọlé. Orí òwú méjèèjì á pàdé nínú. Ẹ jẹ́ kí òwú gígùn tó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bọ́ sáàárín wọn, kí ẹ tó ta kókó. Ojú ewé ogún nìyẹn, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ọmọ iṣẹ́ mi.

Àwọ̀ láti ilẹ̀

Ẹ fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri nu ojú ewé fẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí bébà mu omi yó.

Lẹ́yìn náà, erùpẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa tó ń ba aṣọ funfun jẹ́ dára fún ìwé ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ po ṣíbí méjì rẹ̀ mọ́ ṣíbí kan gọ́ọ̀mù funfun àti omi ìwọ̀nba. Ẹ kun ún, ó gbẹ, ẹ fi ìka pa á. Tí ìka yín bá pupa, gọ́ọ̀mù kò tó. Èédú tí ẹ lọ̀ á fún yín ní dúdú lọ́nà kan náà, ẹfun á fún yín ní funfun. Tí ẹ bá gba Ìsàn-Èkìtì kọjá, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, ẹ tọrọ amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìṣápá, tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ẹ sè é kó ki, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún, á pupa. Kó tó gbẹ, ẹ kán omi eérú tí ẹ ti sẹ́ sí i: ibi tí omi náà bá kàn á yí padà lójú yín, á di aró tàbí àwọ̀ bí ewé tó rọ. Mo máa ń lò ó fún ojú ọ̀run tí òjò ti ṣú. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn, torí ó máa ń ṣá.

Epo pupa ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Kì í gbẹ láéláé, á sì wọ ojú ewé mẹ́wàá kọjá.

Nípa gọ́ọ̀mù, ẹ gbọ́ tèmi. Lóṣù Keje kan, gọ́ọ̀mù tán, mo bá ro ẹ̀kọ láfún, mo fi lẹ ojú ewé mẹ́jọ. Inú mi dùn pé mo ti rí ọ̀nà tí kò ná mi lówó. Nígbà tí màá fi ṣí ìwé náà lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ti bu, aáyán ti jẹ ìdajì yòókù, wọ́n sì gbọ́n débi pé wọ́n fi àǹkárá sílẹ̀, bébà nìkan ni wọ́n jẹ.

Ojú ewé kan

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá kan gbé ṣòkòtò ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo ìwọ̀n tí mo kọ nígbà tí mo rán an: ínṣì mọ́kànlélógún. Mo wọn ọmọ náà: mẹ́tàlélógún. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Anti, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó rọra dàgbà."

Lójú ewé àkọ́kọ́, mo ya ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, Olósùnta sì wà nínú rẹ̀; ìlà kan ṣoṣo ni mo fi fà á, n kò gbé bírò sókè. Mo fi abẹ́rẹ́ rán òwú funfun sára àpáta náà fún omi tó ń ṣàn. Lójú ewé kejì, mo gé òwú tó jẹ́ ínṣì méjì gééré, àwọ̀ ṣòkòtò ọmọ náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní òòró, n kò fi nǹkan kan kún un. Nísàlẹ̀, mo fi ìdérí mínírà tí mo tì bọ inú ọ̀dà tẹ àmì róbótó róbótó, ìgbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ odó. Wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Mo tẹ mẹ́rìnléláàádọ́ta kí wọ́n tó dákẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀. Ìwé tiyín ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgékù aṣọ oníbàárà: ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwa aránṣọ àti aṣọ tó ṣẹ́kù. Oníbàárà kan ti padà wá béèrè léèsì tó kù lọ́wọ́ mi rí, ó fẹ́ fi rán fìlà fún ọmọ. Ìwé aláwòrán ni mo ṣí fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ẹ má kọ àròkọ. Gbólóhùn kan tí ẹnìkan sọ tó. Kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu onítọ̀hún. Ní ilé-ẹ̀kọ́, iyán, ilé àti iná ni wọ́n kọ́ wa. Nílé, uyán, ulé àti uná ni. Ìwé tèmi, uyán ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ gé e látinú àgékù aṣọ.

Tí ẹ kì í bá ṣe aránṣọ

Ẹni tó ń ta ata lè gé ilá ní ìbú, kó tì í bọ ọ̀dà, kó tẹ̀ ẹ́. Á jáde bí ìràwọ̀. Olùkọ́ ní bírò pupa àti ègé ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé kòtò ọ̀nà lòun ń yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bó ṣe rí, bí ẹni ń ya odò. Mo jowú rẹ̀.

Gbígbẹ àti ìtọ́jú

Ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fọ̀ sáàárín ojú ewé tó ṣì tutù, kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi òkúta tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó lè tẹ́. Káńfọ̀ méjì nínú àpótí tí ẹ ń kó wọn sí, nítorí aáyán.

Ti òní ṣì wà lójú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí. Bọ́tìnnì tí n kò mọ aṣọ tó ti já bọ́ ni mo rán mọ́ ọn, lára ilẹ̀kùn tí mo fi ọ̀dà búlúù kun, níbi tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìdajì àyè ìsàlẹ̀ ṣì ṣófo. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.